Ilẹ̀kùn Inú Ilé

Ilẹ̀kùn ìta ni gbogbo ayé ń wò. Bí ènìyàn bá rin àdúgbò wa ní Ajah kọjá, láti ọ̀nà Badore títí dé ìhà Láńgbàsà, yóò rí géètì onírin tí ó ga ju ènìyàn méjì lọ, yóò sì rí ilẹ̀kùn irin ràgàjì tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Ṣáínà àti Tọ́kì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ti ojú ibi mẹ́rin pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí a bá wọlé tán, tí a wo ilẹ̀kùn yàrá, ti ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀, a ó rí i pé èyí tí ó pọ́ọ́kú jù lọ lọ́jà ni onílé rà sí i. Èrò onílé ni pé olè kì í gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ìta lẹ́ẹ̀ogún lóòjọ́? Ta ni ó ń gbá a mú nígbà tí orúnkún bá ń gbọ̀n? Àlejò ni a fi ilẹ̀kùn ìta ṣe. Àwa ará ilé ni ti inú ń bá gbé.

Ní ọdún 2023 ni mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́ta nínú ilé mi. Ohun tí ó fà á ni pé ìyá mi, tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nígbà náà, fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ wá bá wa gbé. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa kò gbà á wọlé.

Kí n tó dé orí iṣẹ́ náà, ó yẹ kí n sọ nípa ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Ajah kò lè mọ ìdí tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fi ń ṣe wàhálà. Láàárín omi méjì ni a wà. Ọ̀sà wà ní àríwá wa, òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù. Yanrìn ni ilẹ̀ náà. Ibi tí kì í bá ṣe yanrìn, irà tí a fi yanrìn dí ni. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, a ti kan omi. Nítorí náà ilé a máa rì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá kọ́ ọ tán. Ó lè má tó ìdajì ínṣì tí ó rì, ògiri yóò sì dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yóò tú àṣírí. Èyí tí ó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ọdún tí ó kọjá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, a ó sì rí ìlà roboto tí ìdí rẹ̀ fà sórí táìsì bí ìgbà tí ọmọdé fi ẹfun kọ nǹkan.

Omi inú afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé igi ti kú ní ọjọ́ tí a gé e lulẹ̀. Rárá o. Ní oṣù kẹfà, tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, pákó ń mu ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú. Ní ìgbà ọyẹ́, bí ọyẹ́ Èkó tilẹ̀ kéré, ó ń tú omi náà sílẹ̀, ó sì ń sún kì. Ní ìbú ni ó ti ń ṣe èyí. Ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń há ní ẹ̀gbẹ́ tí ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó há lórí, àyàfi bí ilé bá rì.

Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ igi àtijọ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí dára púpọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í kọ́ àwọn ọmọ wa nípa rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn onípákó gidi. Òpó méjì ni ó wà lóròó, ìdábùú mẹ́ta tàbí mẹ́rin so wọ́n pọ̀, pákó pẹlẹbẹ sì wà láàárín wọn. A kì í fi àtè lẹ pákó àárín yìí, a kì í sì í kàn án níṣòó. Inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó ni a máa ń tì í bọ̀, kí ó lè rí àyè wú nígbà òjò, kí ó sì rí àyè sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìjẹ́ pé ó ya, láìjẹ́ pé ó ti òpó kúrò láàyè rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó dàbí ohun kan ṣoṣo lójú wa, ohun mẹ́wàá tí ó fún ara wọn láyè ni.

Èyí tí ó kún ọjà wa lónìí yàtọ̀ sí i. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní iwájú, òmíràn ní ẹ̀yìn, ìhùmọ̀ páálí tí ó rí bí afárá oyin ní inú. Ó fúyẹ́, ó dán, ó sì lẹ́wà ní ọjọ́ tí a rà á. Àwọn tí wọ́n wà ní ìhà ibí yìí nígbà òjò ńlá ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011 kò ní í gbàgbé bí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wú láti ìdí bí búrẹ́dì tí a tì bọ inú tíì.

Báyìí ni ilẹ̀kùn ilé mi rí. Ti yàrá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ga ní méje, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní gbogbo Èkó. Ti ilé ìwẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ, inú ni ó sì ń ṣí sí. Bí a bá yọ sísanra ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ àti etí férémù kúrò, ohun tí ó kù fún ènìyàn láti gbà kọjá kò tó ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyá mi ní láti fi ọ̀pá wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ wọlé.

Èyí nìkan kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù. Ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí tiwa, bàbá àgbàlagbà kan ṣubú nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òru. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, ara bàbá sì ni ó fi dí i. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ ohùn wọn, wọn kò sì lè ti ilẹ̀kùn, nítorí pé bí wọ́n bá tì í, bàbá ni wọ́n ń tì. Nígbà tí wọ́n fi máa rí àáké fọ́ ọ láti òkè, ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn já. Èmi kò mọ ohun tí ó pa wọ́n, n kò sì ní í sọ pé ilẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, n kò lè gbọ́ kí ìyá mi ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ pa kí n má dìde jókòó.

Àbúrò mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi lórí fóònù pé ní ọ̀dọ̀ wọn, ìlànà tí ó bá òfin ilé kíkọ́ rìn ti là á sílẹ̀ fún àwọn ilé tuntun pé kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà ní ìpele àbáwọlé máa ṣí síta. Ó ní kí n yí tiwa padà, kí n sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù pátápátá. Ìmọ̀ràn kìíní dùn mọ́ mi. Ìkejì ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí ẹ ó ti rí i.

Káfíńtà tí mo pè kì í ṣe ará Èkó. Ọmọ Ṣakété ni, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí Yorùbá ti ń jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n tí Faransé ti jẹ ọba lé wọn lórí. Èdè wa kan náà ni a ń sọ, àfi ìgbà tí ó bá kan irinṣẹ́. Ohun onírin tí a fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, èyí tí àwọn káfíńtà Èkó ń pè ní hínjì, 'pómẹ́ẹ̀lì' ni òun ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń pè é. Mo bi í pé kí ni Yorùbá ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá mi ni wọ́n dáhùn láti orí àga wọn. Wọ́n ní, "Ìwakùn ni. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì kì í ka Bíbélì ni?" Wọ́n sì tọ̀nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú Ìwé Òwe, níbi tí a ti fi ọ̀lẹ tí ń yí lórí ibùsùn wé ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ fi kún àkójọ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì fi àtẹ́rígbà, èyí tí í ṣe igi tàbí kọnkéré tí ó dá bùú lókè ẹnu ọ̀nà, tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìwakùn yìí ní ìtàn nínú. Ìyá mi ní ilé bàbá àwọn àgbà ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, ní ilẹ̀kùn kan tí kò ní irin kankan lára. Igi ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ yọ bí ìka lókè àti nísàlẹ̀. Ìka òkè wọ inú ihò lára àtẹ́rígbà, ìka ìsàlẹ̀ wọ ihò nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń yí. Wọ́n ní ó máa ń ké bí ẹni tí inú ń run, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọmọ tí ó lè yọ́ jáde lóru.

Bí wọ́n ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni mo rántí ilẹ̀kùn tí ó lókìkí jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀kùn Yorùbá, nítorí pé bákan náà ni ó rí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ ní apá kan. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé sínú àga ń bọ̀ wá kí i. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò pé wọ́n fẹ́ rìn kúrò. Ní ọdún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí Àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò sì fẹ́ tà á. Níkẹyìn wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní. Ní tèmi o, n kò rò pé pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba. Ìtẹ́ pọ̀ láyé.

Ilẹ̀kùn onípákó tí mo ṣe àpèjúwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú irin ìwakùn rẹ̀, tan kálẹ̀ ní Èkó láti ọwọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn àgbà oníṣẹ́ wà láàárín wọn. João Baptista da Costa tí ó darí iṣẹ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ ọ̀kan. Mi ò gùn ún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ajah. Káfíńtà wa kò gbà kí a ra igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó ní igi tútù tí a bá fi ṣe ilẹ̀kùn, inú yàrá ni yóò ti gbẹ, bí ó bá sì ti ń gbẹ ni yóò máa lọ́. Ọ̀gànwó tí ó ti wà lórí àkójọ ju ọdún kan lọ ni ó wá rí fún wa. Arère ti pọ̀ lọ́jà, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa lọ.

Nígbà tí ó yọ férémù àtijọ́, ó ní láti gé ínṣì mẹ́fà kúrò lára bulọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnu ọ̀nà lè di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo bẹ̀rù àtẹ́rígbà, ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé kọnkéré náà yí gbogbo ilé po láìdúró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é níbí. Bí ó bá jẹ́ pé lókè ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó mọ, kì bá ti fọwọ́ kàn án. Ó yí férémù tuntun kojú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè máa ṣí síta, ó sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi lè ṣí títí kan ògiri, kí ó má baà dí ọ̀nà. Okùn olójé ni ó fi wọn òpó bóyá ó dúró ṣánṣán. Ó wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́rin. Mo rò pé ó ń ṣe àṣejù, títí ó fi sọ fún mi pé ilẹ̀kùn tí òpó rẹ̀ bá tẹ̀ kì í dúró níbi tí a bá fi í sí. Yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ tàbí kí ó máa tì, àwọn ará ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ iwin.

Ìwakùn mẹ́ta ni ó fi so ó: ti òkè jìn sí orí ilẹ̀kùn ní ínṣì mẹ́fà, ti ìsàlẹ̀ jìn sí ìdí rẹ̀ ní mẹ́sàn-án, ìkẹta wà láàárín. Kòtò tí irin yóò jókòó sí kò gbọdọ̀ jìn ju sísanra irin náà lọ. Bí ó bá jìn jù, ilẹ̀kùn yóò máa fún ara rẹ̀ mọ́ férémù, yóò sì máa ta padà bí a bá tì í. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹ̀là páálí kan lábẹ́ irin náà ti tó. Idẹ ni ìwakùn wa, nítorí pé afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun máa ń jẹ irin lásán ní kíákíá. Ó sì ní ìṣó oníyíyí tí a ó fi dè é gbọ́dọ̀ jẹ́ idẹ pẹ̀lú, nítorí pé bí irin àti idẹ bá fara kan ara wọn nínú ọ̀rinrin, irin ni yóò jìyà. Ṣùgbọ́n idẹ rọ̀, ó sì lè kán nínú igi líle. Nítorí náà ó fi ìṣó irin la ọ̀nà kọ́kọ́, ó yọ ọ́, ó sì fi ti idẹ rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó gbé ilẹ̀kùn náà sókè, ó kun orí àti ìdí rẹ̀ ní ọ̀dà, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní í dé. Ibẹ̀ gan-an ni igi ti ń mu omi jù.

Gbogbo èyí gba ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi sì ń wò ó. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kan kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a fẹ́ fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ láìní ohun tí a fi ń tì í, wọ́n ní kí káfíńtà dúró.

Wọ́n ní, "Ṣé nítorí pé mo dàgbà ni mo ṣe di ọmọ ọwọ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ni ó ń bà wá."

Wọ́n ní, "Ẹ̀rù tiyín ni yóò wá bá mi wẹ̀?"

Ìyàwó mi gbìyànjú láti là wá. Ó rán ìyá mi létí pé ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti wá, aṣọ ìkélé ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lára aṣọ. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgò wà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í gbé aṣọ ìkélé láìpàgò, bí ẹni tí ó wà nínú kò bá sì dáhùn, ìta ni alágò yóò dúró sí. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Wọn a máa kanlẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kàn án ni wọ́n ń ṣí i. Níbi tí a kò bá ti mọ àgò, kọ́kọ́rọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. N kò rí èsì kankan fún èyí. Ọ̀pọ̀ ìwé ni mo ti kà lórí àṣà wa tí kò sọ ọ̀rọ̀ tí ó tó ìdajì èyí.

Káfíńtà ni ó yanjú rẹ̀. Ó ní irú ìtìlẹ̀kùn kan wà tí ẹni tí ó wà nínú ń fi ọwọ́ yí pa, ṣùgbọ́n tí ó ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan níta. Bí ewu bá dé, a ó ki owó ẹyọ bọ ojú náà, a ó yí i, yóò sì ṣí. Ó lọ rà á ní ọjọ́ kejì. Ìyá mi mú un wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n ti ara wọn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ní kí ó ṣí i kí àwọn rí i.

Ibẹ̀ ni a ti rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó ní owó ẹyọ. Ta ni ó ń ná an mọ́? Ìjọba tẹ owó ẹyọ tuntun jáde ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò gbà á, ó sì di ohun ìgbàgbé. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwa mẹ́rin, tí a ń tú àpò wa. Ìyá mi ń pariwo láti inú pé, "Ṣé ẹ ti ń bọ̀ ni, àbí mo ti kú?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n lọ sí ìdí àpótí wọn, wọ́n sì mú àkísà kékeré kan jáde. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, ti ọdún 1973, ọdún tí a fi náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ọjà ẹja ni wọ́n fi pa wọ́n. Wọ́n yan èyí tí ó dán jù, wọ́n ní kí káfíńtà lu ihò sí i létí, wọ́n fi okùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi kọ́ sára ìṣó ní ẹ̀gbẹ́ òpó ilẹ̀kùn, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ wa àbíkẹ́yìn lè tó. Wọ́n pe gbogbo wa, wọ́n ní, "Owó mi nìyí o. Ẹ kò gbọdọ̀ ná an, ẹ kò sì gbọdọ̀ lò ó bí ẹ kò bá tíì pàgò lẹ́ẹ̀mẹta."

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, a kò tíì lò ó. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná àti ti yàrá àwọn ọmọ ṣì ń ha ilẹ̀. Káfíńtà ní a ó dúró kí òjò kọ́kọ́ dá.